Wọ́n ní símúlétọ̀ ọkọ̀ ò dùn: kí la máa tún ṣe kí adùn rẹ̀ tó jáde?

Ọmọ_Kọ́nà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Níbikíbi tí àwọn onígéèmù bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa símúlétọ̀, ìyẹn géèmù tó ń fara wé wíwa ọkọ̀ gidi, bí Assetto Corsa (ti ọkọ̀ asáré) tàbí Euro Truck Simulator 2 (ti tírélà), ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n máa ń kà sí i lẹ́sẹ̀: ọkọ̀ ń yọ̀ bíi pé orí ọṣẹ ló wà, bíréèkì ò ṣeé fọkàn tán, eré ò hàn lójú, èèyàn á wa tírélà fún wákàtí kan láìsí ohun kan tó ṣẹlẹ̀, "iṣẹ́ ni, kì í ṣe géèmù." Èmi fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ là fún wa ni èyí tó jẹ́ àṣìṣe sẹ́tíìnì nínú ẹ̀sùn wọn àti èyí tó jẹ́ bí ọkọ̀ gidi ṣe rí. Ohun èlò tó wà nílẹ̀: Logitech G29 (sítíárì àti pẹ́dàlì géèmù), tábìlì onígi, mọ́nítọ̀ íǹṣì 27, kọ̀ǹpútà tó ní káàdì àwòrán GTX 1650. Ilẹ̀ táìlì ni yàrá náà.

Táyà_Mẹ́rin

Àbúrò, ojú ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe. Má tíì fọwọ́ kan bíréèkì, má tíì fọwọ́ kan sítíárì.

Ọ̀pọ̀ géèmù ló máa ń wá pẹ̀lú FOV tó fẹ̀ jù, ìyẹn ìwọ̀n bí ohun tí à ń rí níwájú ọkọ̀ ṣe fẹ̀ tó lórí mọ́nítọ̀. Bó bá fẹ̀ jù, eré á dà bíi pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n kọ́nà tó wà ní mítà 50 á dà bíi pé ó ṣì jìnnà réré. Awakọ̀ á pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì, á gbé eré tó ju agbára táyà lọ wọ inú kọ́nà, á wá ní ọkọ̀ ń yọ̀. Ojú ló tàn án jẹ.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Wọn gíga ojú mọ́nítọ̀, má ka etí dúdú rẹ̀ mọ́ ọn. Ti íǹṣì 27 tó jẹ́ 16:9 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 33.6, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 16.8. Lẹ́yìn náà, wọn ibi tí ojú rẹ wà sí mọ́nítọ̀ nígbà tó o bá jókòó bí ẹni tó fẹ́ wakọ̀. Fi iye yẹn pín 16.8, tẹ tan⁻¹ lórí kakulétọ̀, kó o sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Bí o bá jókòó ní sẹ̀ǹtímítà 80, wàá rí nǹkan bíi 24. Ní 60, wàá rí 31. Ní 50, wàá rí 37. Ohun tí ìṣirò yìí ń sọ ni pé kí o fa mọ́nítọ̀ sún mọ́ ara rẹ, kí ó wà lẹ́yìn sítíárì gan-an, nítorí pé 24 ti há jù láti rí ẹ̀gbẹ́ títì.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà: Assetto Corsa ń ka FOV ní òró, iRacing, símúlétọ̀ mìíràn, ń kà á ní ìbú. Ní sẹ̀ǹtímítà 60 kan náà, 31 ni ti òró, 53 ni ti ìbú. Ẹni tó bá gbé 53 láti ọ̀kan lọ fi sínú èkejì ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, kò sì ní mọ ohun tó ṣe é.

FOV tó péye á mú kí eré dà bíi pé ó dín kù. Ibẹ̀ ni ẹ̀sùn "eré ò hàn lójú" ti wá, òótọ́ díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ gidi pàápàá, 100 km/h lójú títì tó fẹ̀ tó sì tẹ́jú kì í dẹ́rù bani. Ariwo afẹ́fẹ́, ohùn táyà àti ìgbọ̀n ìjókòó ló ń sọ fún awakọ̀ pé eré ti pọ̀. Ìjókòó rẹ ò ní gbọ̀n, nítorí náà etí ni kó ṣiṣẹ́ yẹn: gbé ohùn táyà sókè, rẹ ti ẹ́ńjìnì sílẹ̀, lo hẹ́dífóònù dípò sípíkà mọ́nítọ̀.

Wáyà_àti_Ìdè

Mo gba ti ẹ̀gbọ́n Táyà. Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì.

Súwíìṣì kékeré kan wà lójú G29, tí a kọ PS3 àti PS4 sí. Fi sí PS3 bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lo fẹ́ so ó mọ́. Ki adápútọ̀ rẹ̀ bọ iná kó o tó so USB. Sítíárì á fúnra rẹ̀ yí lọ sósì, á yí lọ sọ́tùn-ún, á wá dúró sáàárín. Má fọwọ́ kàn án nígbà yẹn. Bí orúnkún tàbí wáyà bá dí i lọ́nà, àárín tó máa mú á yẹ̀, ọkọ̀ á sì máa fà sápá kan lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan. Ẹjọ́ géèmù kọ́ nìyẹn.

Nínú G HUB, ètò Logitech lórí kọ̀ǹpútà, fi yíyí sítíárì sí digirí 900, kó o sì pa centering spring. Ohun tí spring yẹn ń ṣe ni pé ó máa ń fa sítíárì padà sáàárín láìka ohun tí táyà ń ṣe sí. Irọ́ ló ń pa fún ọwọ́. Force feedback gidi, ìyẹn agbára tí sítíárì fi ń ti ọwọ́ padà, inú ìṣirò táyà iwájú ló ti ń wá: ó máa ń le bí táyà bá ń di ilẹ̀ mú, ó sì máa ń rọ̀ lójijì bí táyà iwájú bá ti ń sọ ilẹ̀ nù. Ìrọ̀sílẹ̀ yẹn ni ìkìlọ̀ tí awakọ̀ ń wá. Bí spring bá wà níbẹ̀, kò ní gbọ́ ọ. Ní Assetto Corsa, fi 900 sínú géèmù náà, òun fúnra rẹ̀ á bá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mu.

Ẹ ṣọ́ra fún agbára tó pọ̀ jù. Mọ́tò inú G29 kéré, kò ju nǹkan bíi 2 Nm lọ. Bí o bá gbé gain, ìyẹn ìwọ̀n agbára force feedback, lọ sókè pátápátá, agbára tí géèmù ń béèrè á kọjá ohun tí mọ́tò lè ṣe, gbogbo ohun tó bá sì kọjá ibẹ̀ á dọ́gba lọ́wọ́: gegele, gọ́tà, táyà tó ń yọ̀, ọ̀kan náà ni wọn. Clipping ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ní Assetto Corsa, ṣí àpótí pẹ́dàlì sójú mọ́nítọ̀. Ọ̀pá kan wà níbẹ̀ fún force feedback, tó máa ń pọ́n bí agbára bá ti kún. Bó bá pọ́n fìrí lórí gegele, kò burú. Bó bá pọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ kọ́nà dé ìparí rẹ̀, tẹ bọ́tìnì ìyọkúrò tó wà lápá nọ́ńbà lórí kíbọ́ọ̀dù títí yóò fi fi í sílẹ̀. Sítíárì tó fúyẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ dára ju èyí tó le tó yadi lọ.

Ilẹ̀ táìlì: ohun eléyín tó wà lábẹ́ pẹ́dàlì G29, kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe é fún, kò wúlò lórí táìlì. Wá pákó tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 2, kó gùn dé ara ògiri iwájú kó má ráyè sún, kó o fi ìdè kan pẹ́dàlì mọ́ ọn. Bí àga rẹ bá ní kẹ̀kẹ́ lẹ́sẹ̀, ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ bàtà àtijọ́, tàbí kó o fi okùn so ó mọ́ pákó yẹn. Àga tó ń sá sẹ́yìn nígbà tí o bá tẹ bíréèkì kò lè jẹ́ kí o tẹ̀ ẹ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ohun tó ń di sítíárì mú lábẹ́ tábìlì, ike ni wọ́n. Ọwọ́ lásán ni kó o fi fún wọn.

Bíréèkì G29 ní rọ́bà nínú spring rẹ̀, òun ló ń mú kó le gan-an ní ìdajì ìsàlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ ò bá lè dé 100%, ṣí i, yọ rọ́bà náà kúrò.

Ẹlẹ́sẹ̀_Bíréèkì

Ọ̀gá Wáyà, ẹ má bínú, ti rọ́bà yẹn nìkan ni mi ò fara mọ́. Bíréèkì tó rọ̀ bí ti tọ́tù, pẹ́dàlì tó ń fún ọkọ̀ ní eré, ló ń jẹ́ kí táyà há. Ẹsẹ̀ èèyàn máa ń rántí bí ó ṣe fi agbára tẹ nǹkan ju bí ó ṣe tì í jìnnà tó lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn pẹ́dàlì olówó iyebíye fi ń lo load cell, tó ń wọn ìtẹ̀ dípò jíjìn. Ti G29 kò ní in, jíjìn ló ń wọ̀n, rọ́bà yẹn ni ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ kó sún mọ́ ti ọkọ̀.

Fi rọ́bà sílẹ̀. Ohun tó yẹ ní àtúnṣe ni ibi tí géèmù gbà pé 100% wà. Tẹ bíréèkì bí o ṣe lè tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí kan láìrẹ̀ ọ́, wo nọ́ńbà tó jáde, kó o sọ ibẹ̀ di òpin nínú sẹ́tíìnì. Bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá ń mú jù, brake gamma ni kó o gbé sókè díẹ̀díẹ̀, á jẹ́ kí apá òkè pẹ́dàlì rọ̀, kí agbára sì wà nísàlẹ̀. Dead zone bíréèkì, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ ìtẹ̀ tí géèmù kì í kà, fi sí òdo, àyàfi bí pẹ́dàlì bá ń tẹ ara rẹ̀.

Bó bá ń tẹ ara rẹ̀ lóòótọ́, tí ọ̀pá bíréèkì ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí níbẹ̀, eruku ti wọ inú potentiometer nìyẹn, ohun tó ń wọn bí pẹ́dàlì ṣe sún tó. Yọ USB àti iná, tú àwọn ìdè abẹ́ pẹ́dàlì, fín contact cleaner, oògùn tí a fi ń fọ ohun èlò iná, sínú ihò rẹ̀, yí i lọ yí i bọ̀ bí ogún ìgbà, jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó o tó tún un so. Má fi òróró sí i, má sì fi kẹrosíìnì sí i: òróró máa ń fa eruku mìíràn mọ́ra.

Onítírélà

Ẹ̀yin ará, gbogbo ọ̀rọ̀ ti ń lọ sọ́dọ̀ ọkọ̀ asáré. Ẹ jẹ́ kí n dá tírélà láre.

Ẹ̀sùn pé "ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀" wá láti inú bí Euro Truck Simulator 2 ṣe máa ń jẹ́ kí ohun gbogbo rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Jíà ń pààrọ̀ ara rẹ̀, tírélà kì í tètè ṣubú, ìdúró sì rọrùn. Ẹ yí i padà báyìí. Ẹ fi truck stability àti trailer stability sísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ tan ìṣirò bíréèkì afẹ́fẹ́ tó jọ ti òótọ́. Ẹ mú jíà ọlọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀yìn sítíárì nìkan lẹ ní. Ẹ tan àárẹ̀ awakọ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹrù ń lọ, ẹ yan ibi ìdúró tó le jù nínú èyí tí wọ́n bá fi hàn yín.

Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, nǹkan á máa ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé ẹrù dé tọ́ọ̀nù 40 kò lè gun òkè lórí jíà tó bá wù ú. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ẹ́ńjìnì ti rẹ̀ kó tó pààrọ̀ jíà á rí i pé ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró kí jíà tó wọlé. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní jíà méjì pọ̀ kó tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní ìsọ̀kalẹ̀, bíréèkì ẹsẹ̀ kọ́ ni kó gba iṣẹ́ náà ṣe. Retarder, ohun tó ń dín eré ọkọ̀ kù láìlo bíréèkì ẹsẹ̀, àti jíà kékeré ni, kí ẹ sì ti wà lórí wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ bíréèkì tó ń jọ̀wọ́ rẹ̀ léraléra ń ná afẹ́fẹ́ inú táńkì. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, bíréèkì á di mọ́ra wọn, ọkọ̀ á dúró gbáà sójú ọ̀nà. Bí tírélà gidi ṣe ń ṣe náà nìyẹn, òun ló fà á tí àwọn awakọ̀ fi ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún kí wọ́n tó gbéra.

Fífi ẹ̀yìn wọlé ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sá. Ẹ di ìsàlẹ̀ sítíárì mú, níbi tí aago mẹ́fà wà. Ibi tí ẹ bá fẹ́ kí ìdí tírélà lọ, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni kí ọwọ́ yín lọ. Ọwọ́ sósì, ìdí tírélà á lọ sósì. Ẹ yí i díẹ̀, ẹ dúró, ẹ wo dígí. Tírélà máa ń pẹ́ kó tó dáhùn, ẹni tí kò bá ní sùúrù á yí i kún un, gbogbo rẹ̀ á sì ká bí ọ̀bẹ. Bí tírélà bá ti ń lọ síbi tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ dá sítíárì padà, ẹ kọjá àárín díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí orí ọkọ̀ lè tẹ̀ lé e. Bó bá ti yí jù, ẹ má ṣe gbìyànjú láti tún un ṣe ní ẹ̀yìn. Ẹ fà síwájú bíi gígùn tírélà kan, kó tọ́, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Jíà ẹ̀yìn tó kéré jù, tọ́tù fẹ́rẹ́.

Ẹ tún mọ̀ pé ilẹ̀ inú géèmù náà ti dín kù: kìlómítà 1 níbẹ̀ dúró fún nǹkan bíi 19, aago rẹ̀ sì ń sáré láti bá a dọ́gba. Ẹni tó ní ó gùn jù kò tíì rí bí ti gidi ṣe gùn tó.

AráPeckham

Ẹ̀gbọ́n Onítírélà, ẹ ṣeun. Àfikún kékeré fún ẹni tó bá wọ apá Bìrìtìkó nínú géèmù yẹn: òsì ni wọ́n ń gbà, roundabout sì ń yí bí ọwọ́ aago. Ẹ lọ sí ilé àtúnṣe ọkọ̀, ẹ yan inú ọkọ̀ tí sítíárì rẹ̀ wà lọ́tùn-ún. Ẹni tó bá fi sítíárì òsì wakọ̀ lápá òsì títì kò ní rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ nígbà tó bá fẹ́ ya ẹlòmíràn sílẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò dín kù tó ti ìyókù, 1 sí 15 ni, nítorí náà ọ̀nà á dà bíi pé ó gùn díẹ̀ sí i. Ẹ yí eré sí máìlì, torí máìlì ni wọ́n kọ sára pátákó.

Èyí wúlò fún àwọn ará ilé tó ń múra láti wá wakọ̀ níbí ní Bìrìtìkó. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti fi apá òsì sílẹ̀, ojú wa ti mọ́ wíwakọ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ fi roundabout inú géèmù kọ́ ojú láti máa kọ́kọ́ wo ọ̀tún, níbi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ níbí. Kò rọ́pò olùkọ́ awakọ̀ o, ojú nìkan ló ń kọ́.

Tọ́ṣì_Lálẹ́

Ẹ káàsán. Mi ò ní sítíárì rárá, pádì àti láptọ́ọ̀pù ló wà. Ṣé kí n má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Ìkejì: bí NEPA bá mú iná lọ láàárín eré ńkọ́?

Wáyà_àti_Ìdè

Bẹ̀rẹ̀, àbúrò. Euro Truck Simulator 2 ṣeé fi máòsì darí, ó sì dára gan-an: máòsì ń jẹ́ kí sítíárì dúró síbi tó o bá fi sí, ohun tí kíbọ́ọ̀dù kò lè ṣe. Ní Assetto Corsa pẹ̀lú pádì, àwọn ohun mẹ́ta ló ṣe pàtàkì: gamma sítíárì, filter, àti speed sensitivity. Gbé gamma sókè kí àárín igi pádì má ta jù. Gbé speed sensitivity sókè kí sítíárì má lè yí púpọ̀ nígbà tí eré bá pọ̀. Filter ni kó o fi sí kékeré, torí pé òun ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́ kó tó dáhùn. Ohun tí wàá pàdánù ni ọ̀rọ̀ tí sítíárì ń sọ, nítorí náà ohùn táyà ni kó o gbára lé.

Ní ti iná: adápútọ̀ G29 ń gba 100 sí 240 V, ṣùgbọ́n iná tó ń já tó tún ń padà lójijì ló ń pa á. Má so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò láìsí stabilizer. Bí iná bá lọ tí láptọ́ọ̀pù sì ń ṣiṣẹ́, sítíárì á rọ̀ pátápátá, àárín rẹ̀ sì lè sọnù. Tẹ pause. Yọ USB. Bí iná bá dé, jẹ́ kí ó dúró fún ìṣẹ́jú méjì, kó o tó tún un so, kí o sì jẹ́ kó tún yí ara rẹ̀ sósì sọ́tùn-ún. UPS kékeré tó ń gbé ráútà lè má tó fún kọ̀ǹpútà ńlá pẹ̀lú mọ́nítọ̀. Ka iye wáàtì wọn kó o tó so wọ́n pọ̀.

Táyà_Mẹ́rin

Mo padà dé fún ẹ̀sùn tó tóbi jù, ti ọṣẹ. Bí ẹ bá ti tún ojú, sítíárì àti bíréèkì ṣe, tí ọkọ̀ ṣì ń yọ̀, kì í ṣe géèmù ló ń ṣe é mọ́. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ni.

Agbára tí táyà ní lórí ilẹ̀ ní iye. Ẹ jẹ́ ká pè é ní 100. Bíréèkì ń ná nínú rẹ̀, yíyí kọ́nà náà ń ná nínú rẹ̀, àpò kan náà ni. Bí bíréèkì bá ti mú 80, ohun tó ṣẹ́kù fún kọ́nà jẹ́ 60, torí pé 80 lọ́nà 80 àti 60 lọ́nà 60 ló para pọ̀ di 100 lọ́nà 100. Bí bíréèkì bá mú gbogbo 100, òdo ló kù. Ẹ yí sítíárì bó ṣe wù yín, ọkọ̀ á máa lọ síwájú gbọnrangan. Nínú géèmù tí wọ́n ṣe fún ìgbádùn kíákíá, àpò yẹn kì í tán, ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá á tẹ bíréèkì pátápátá nínú kọ́nà bí ó ti mọ́ ọn lára.

Ojú ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹ ti tẹ bíréèkì tó le jù. Bí ẹ bá ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí sítíárì, kí ẹsẹ̀ máa gòkè kúrò lórí bíréèkì ní ìwọ̀n kan náà tí ọwọ́ fi ń yí. Ọwọ́ ń wọlé, ẹsẹ̀ ń jáde. Nígbà tí bíréèkì bá tán, ẹ dúró díẹ̀ láìtẹ tọ́tù, títí ẹ ó fi rí ibi tí kọ́nà ti jáde. Bí ẹ bá ti ń tú sítíárì padà ni tọ́tù ń wọlé.

Ọ̀nà méjì ni ìdí ọkọ̀ fi ń yí kúrò lẹ́yìn. Ọ̀kan, tọ́tù tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì. Èkejì, tí àwọn èèyàn kì í fura sí, ni fífi tọ́tù sílẹ̀ lójijì láàárín kọ́nà. Ìwọ̀n ọkọ̀ á sún síwájú, táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́, ìdí ọkọ̀ á sì fò. Ọkọ̀ gidi ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ yí sítíárì sí ibi tí ìdí ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ tètè dá a padà bó bá ti ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fò sí ẹ̀gbẹ́ kejì, èyí tó máa ń burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: Abarth 500 ní pápá Magione, kìlómítà 2.5, sẹ́tíìnì ìdìmú ilẹ̀ ní Optimum. Iwájú ló ń fa ọkọ̀ yẹn, ó ń dárí jini. ABS, ohun tí kì í jẹ́ kí bíréèkì mú táyà há, sí Factory, ìyẹn bí ọkọ̀ gidi ṣe ní in. Ẹ wa ìyípo 20 ní 80% agbára yín, kí ẹ má wo aago. Bí ẹ bá lè wa ìyípo 10 tí wọn ò fi ìṣẹ́jú-àáyá kan yàtọ̀ síra, ẹ bọ́ sínú BMW M3 E30. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Nordschleife, pápá eré kan ní Jámánì, kìlómítà 20.8 ni, ẹni tí kò tíì mọ bíréèkì kò lè há kọ́nà rẹ̀ sórí.

Ìyípo àkọ́kọ́, táyà tutù. Nínú Assetto Corsa Competizione, géèmù mìíràn tó jẹ́ àbúrò Assetto Corsa, afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ asáré GT3 yẹ kó wà láàárín 26 àti 27 psi nígbà tó bá ti gbóná, láti ẹ̀dà 1.9 wá. Bí ojú ọjọ́ bá fi digirí 1 tutù sí i, ẹ fi bíi 0.1 psi kún un. Ẹni tó bá sáré jáde ní ìyípo kìíní bí ti karùn-ún á yọ̀, ó sì yẹ kó yọ̀.

Ìṣirò kan kù tó wúlò fún títì gidi. Bí táyà bá di ilẹ̀ gbígbẹ mú dáadáa, ọkọ̀ tó ń sáré 60 km/h á gba bíi mítà 18 láti dúró. Ní 120 km/h, mítà 71 ni. Eré di ìlọ́po méjì, ibi ìdúró di ìlọ́po mẹ́rin, a ò sì tíì ka àkókò tí ojú fi ń rí nǹkan kí ẹsẹ̀ tó sún. Bí òjò bá sọ ìdìmú yẹn di ìdajì, ẹ sọ mítà náà di ìlọ́po méjì. Símúlétọ̀ tó dára á fi èyí hàn yín láìsí ẹni tó fara pa. Ìdí tí mo fi ń gbèjà rẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà_Àtijọ́

Ẹ̀sùn yìí ti pẹ́. Nígbà tí Grand Prix Legends jáde ní 1998, tó fi ọkọ̀ Formula 1 ti 1967 ṣeré, ohun kan náà ni wọ́n sọ: ọkọ̀ ń yí bí òkòtó, kò ṣeé wà. Ọkọ̀ 1967 ni, kò ní apá (wing) tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, táyà rẹ̀ sì tín-ín-rín. David Kaemmer tó wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ Papyrus sílẹ̀, tó ṣe géèmù yẹn, ló tún wà nídìí iRacing tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008. William Byron, awakọ̀ asáré ará Amẹ́ríkà tó gba ìdíje Daytona 500 ní 2024 àti 2025, orí iRacing ló ti kọ́kọ́ kọ́ eré ọkọ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká má sọ pé gbogbo ohun tí àwọn onígéèmù ń sọ ni irọ́. Òótọ́ ni pé símúlétọ̀ púpọ̀ kì í kọ́ èèyàn ní ohunkóhun, wọ́n á kàn jù ú sínú ọkọ̀. Òótọ́ ni pé owó tí à ń san lóṣooṣù fún iRacing pẹ̀lú ọkọ̀ àti pápá tí à ń rà lọ́tọ̀ ń gọ́ni lápò. Ẹni tó fẹ́ fi ogún ìṣẹ́jú gbádùn ara rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, géèmù onípádì ló tọ́ sí i, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pípe ohun tó ṣòro ní ohun tó bàjẹ́.

Ọmọ_Kọ́nà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. FOV ti wà ní 37, ọ̀pá force feedback kò pọ́n mọ́. Ohun kan ló kù: àárín sítíárì rọ̀ bíi pé kò so mọ́ nǹkan kan, ó máa ń yí díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Wáyà_àti_Ìdè

Kò bàjẹ́. Jíà kéékèèké ló wà nínú G29, agbára tó kéré gan-an kò lè yí wọn, nítorí náà ohùn jẹ́jẹ́ tí géèmù ń sọ ní àárín ń kú sínú wọn. Ọ̀nà kúkúrú ni kí o gbé minimum force, agbára tó kéré jù tí géèmù ń rán sí sítíárì, sí bíi 10 dé 15%. Bó bá pọ̀ jù, sítíárì á máa gbọ̀n lójú ọ̀nà tó tọ́, dín in kù.

Ọ̀nà tó dára jù fún Assetto Corsa ni LUT, fáìlì tó ń tún agbára tí géèmù ń rán ṣe kó lè bá sítíárì rẹ mu. Fi ètò tó ń jẹ́ WheelCheck sórí kọ̀ǹpútà, pa géèmù, yan Step Log 2, kó o kúrò nídìí sítíárì. Á yí ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì kọ fáìlì csv sínú Documents. Ṣí fáìlì yẹn nínú LUT Generator, fi èsì rẹ̀ pa mọ́ bíi g29.lut sínú Documents, Assetto Corsa, cfg. Nínú ff_post_process.ini tó wà níbẹ̀, kọ ENABLED=1, TYPE=LUT, CURVE=g29.lut. Dá minimum force padà sí òdo, nítorí pé LUT ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí o bá fi méjèèjì sílẹ̀ pọ̀, sítíárì á máa jà lọ́wọ́ rẹ. Gain sí 100, kó o wá fi bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù yẹn dín ti ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kù. Bó o bá yí sẹ́tíìnì G HUB padà lẹ́yìn náà, tún WheelCheck ṣe, torí pé fáìlì àtijọ́ kò ní bá a mu mọ́.